Fèrèsé Tí Kò Gún Régé àti Aṣọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Ilé ní ẹnu, ó sì ní ojú. Ilẹ̀kùn ni ẹnu ilé, fèrèsé sì ni ojú rẹ̀. Ẹnu ni a ń gbà wọlé tí a sì ń gbà jáde. Ojú ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, òun náà sì ni atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ẹlẹ́dàá kò dá ojú ènìyàn láìfún un ní ìpéǹpéjú. Bí oorun bá dé, ìpéǹpéjú a pa ojú dé. Bí eruku bá ń fẹ́, ìpéǹpéjú a dènà rẹ̀. Bí oòrùn bá sì mú ganrínganrín, a rọra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí ojú lè ní ìtura. Bí aṣọ ìkélé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kọ́tìnì, ti rí fún fèrèsé nìyẹn. Fèrèsé yàrá tí kò ní ohun ìbojú dà bí ojú tí kò ní ìpéǹpéjú: kò lè sùn, kò sì lè sinmi.

Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá láti ta aṣọ sí ojú fèrèsé tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè wọn nǹkan, tí ó sì mọ aránṣọ kan, lè parí ètò rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n fèrèsé mìíràn wà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Òmíràn ní igun mẹ́ta bí imú òrùlé. Òmíràn rí róbótó bí òṣùpá. Òmíràn sì wà ní igun yàrá níbi tí ògiri méjì ti pàdé. Ohun tí ó bá fèrèsé títọ́ mu lè máa bá irú àwọn wọ̀nyí jà. Nípa wọn ni a ó sọ̀rọ̀ nínú àròkọ yìí, pàápàá bí wọ́n bá wà ní yàrá tí ènìyàn ń sùn. Oorun kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn lóru kò lè gbádùn iṣẹ́ ọ̀sán.

Bí a bá ń wá ibi tí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ wà, kí a lọ sí Lẹ́kkí Phase 1 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àdúgbò yìí wà ní apá ìlà-oòrùn Victoria Island. Ọ̀sà Èkó ni ó wà ní àríwá rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì kò sì jìnnà sí i ní gúúsù. Ní ọdún 2013 ni wọ́n ṣí afárá tí ó so ó mọ́ Ìkòyí. Ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n gidigidi, nítorí náà ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ níbẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣòfò. A ó kọ́ yàrá sí abẹ́ òrùlé, a ó kọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ayàwòrán-ilé a sì fi fèrèsé sí ibikíbi tí ògiri bá gbà á láyè. Onílé mìíràn sì ń fẹ́ kí ilé òun yàtọ̀ sí ti aládùúgbò, nítorí náà a ní kí wọ́n tẹ orí fèrèsé òun. Lẹ́yìn tí ilé bá parí, tí ayàwòrán-ilé ti gba owó rẹ̀, ni ẹni tí yóò sùn nínú yàrá tó ń mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù.

Àwọn baba ńlá wa kò ní irú wàhálà yìí. Nínú agbo ilé àtijọ́, fèrèsé kò tó nǹkan. Bí ó bá sì wà, kékeré ni. Àgbàlá tí ó wà láàárín ilé ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni a ti ń gba àlejò. Yàrá wà fún oorun àti fún ìpamọ́ ẹrù. Ògiri amọ̀ nípọn, koríko tàbí ewé ni a sì fi ń bo òrùlé, nítorí náà inú yàrá a máa tutù nígbà tí oòrùn bá ń jó ìta. Òkùnkùn yàrá kò jẹ́ àbùkù nígbà náà. Ìsinmi ni fún ojú.

Àwọn Àgùdà wà lára àwọn tí ó mú kí fèrèsé ńlá gbilẹ̀ ní Èkó. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí àwọn àti ọmọ wọn ń padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia ní ọdún 1835. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ iṣẹ́ dájú. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n tẹ orí fèrèsé bí òṣùmàrè, wọ́n sì fi pákó ṣe ìlẹ̀kùn sí ojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú, tí a kọ́ ní ọdún 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, ṣùgbọ́n wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọdún 2016. Nítorí náà, ẹni tí fèrèsé rẹ̀ ní orí títẹ̀ ní Lẹ́kkí lónìí kò ní ohun àjèjì. Ohun tí ó ti pẹ́ ní Èkó ni.

Nígbà tí ó yá, lúfà onígíláàsì dé, ó sì tàn kálẹ̀ dé ìletò. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ya àwòrán àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n fi kankéré oníhò ṣe ìbojú sí ìta ògiri, kí atẹ́gùn lè máa kọjá, kí oòrùn má sì lè wọlé tààrà. Lóde òní, fèrèsé alumíníọ́mù tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́ ni ó pọ̀ jù ní Lẹ́kkí. Ó dára ní wíwò, kò sì ń jẹrà bí irin, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i tán pátápátá, ìdajì rẹ̀ ṣì wà ní pípadé, nítorí pé apá kan ni a tì sí ẹ̀yìn èkejì. Lúfà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí pé aṣọ tí a bá ta sí iwájú fèrèsé tí ó ń ṣí dé ìdajì lè dín atẹ́gùn díẹ̀ tí ó kù kù.

Kí a tó gba ọjà lọ, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí oòrùn ń gbà. Èkó wà ní nǹkan bí dìgírì 6½ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí èyí, ní ọ̀sán gangan, oòrùn kì í jìnnà púpọ̀ sí òkè orí wa ní gbogbo ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, òkè orí wa gan-an ni ó ń gbà kọjá. Láàárín àkókò méjèèjì yìí, ó máa ń yà díẹ̀ sí àríwá. Ní ìyókù ọdún, gúúsù ni ó ń yà sí, oṣù kejìlá ni ó sì ń yà síbẹ̀ jù lọ. Etí òrùlé tí ó yọ síta lè dá oòrùn ọ̀sán dúró. Ṣùgbọ́n oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ wà nísàlẹ̀; wọ́n ń gba abẹ́ etí òrùlé kọjá, wọ́n sì ń tọ ènìyàn lọ títí dé orí ibùsùn. Fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn yóò máa jí ọmọdé kí oorun rẹ̀ tó tó. Èyí tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn yóò kó ooru sínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́, ooru náà yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ sùn. Fèrèsé méjì wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ ná owó lé lórí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Gíláàsì a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá kan aṣọ dúdú nínú yàrá, aṣọ náà a gbà á mọ́ra, a sì sọ ọ́ di ooru. Ooru yìí kì í sì tètè rí ọ̀nà padà síta. Bí ó bá kan aṣọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, apá kan rẹ̀ a dà padà gba inú gíláàsì síta. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì, àwọ̀ yòówù kí iwájú rẹ̀ jẹ́. Ìdí kan náà ni ó sì mú kí ìbojú tí ó wà ní ìta sàn ju ti inú lọ, nítorí pé ó dá oòrùn dúró kí ó tó dé ara gíláàsì rárá. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìlẹ̀kùn pákó ojú fèrèsé àti nínú kankéré oníhò nìyẹn. Ẹni tí ó bá ní àyè lè fi ìbòrí kékeré sí òkè fèrèsé rẹ̀ níta, tàbí kí ó gbin igi sí ibi tí òjìji rẹ̀ yóò ti máa bọ́ sórí ògiri.

Afẹ́fẹ́ Lẹ́kkí pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó ń fẹ́ wá ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, ó sì ń ru ọ̀rinrin àti iyọ̀ òkun bọ̀. Iyọ̀ yìí ni ó ń jẹ irin. Ọ̀pá irin tí a kàn fi ọ̀dà pa lásán, tí a bá fi ta kọ́tìnì níbẹ̀, yóò pọ́n láìpẹ́, ìpáta rẹ̀ yóò sì ba aṣọ jẹ́. Ọ̀pá onígi, alumíníọ́mù tàbí irin tí kì í dípáta ni ó yẹ. Òjò a máa pọ̀ jù ní oṣù kẹfà, a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bí aṣọ tí ó nípọn bá fara mọ́ ògiri tútù ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, èéhù a hù sí i lára. Nígbà ọyẹ́, eruku gbígbẹ a tún dé láti àríwá ìlà-oòrùn. Nítorí náà, aṣọ tí a kò lè tètè sọ̀ kalẹ̀ kí a fọ̀, kí a sì sá, kò yẹ fún ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ bí ìyá ilé kan àti àgbà aránṣọ ṣe lè bára wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Aṣọ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rán sí fèrèsé yàrá kan. Orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, n kò sì mọ bí a ó ti ṣe é."

"Ẹ ṣeun, Màdámù. Ta ni ó ń sùn níbẹ̀?"

"Àwọn ọmọ ni, Bàbá."

"Ibo ni ojú fèrèsé náà kọ sí? Ṣé ilé ẹlòmíràn wà ní ọ̀kánkán rẹ̀? Ṣé ẹ máa ń ṣí i lóru? Ṣé irin wà ní ojú rẹ̀?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ilé ni ẹ ń bi mí."

"Màdámù, bí n kò bá mọ ilé, n kò lè mọ aṣọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́."

Òtítọ́ ni àgbà náà sọ. Kí a tó ronú nípa àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́, ó yẹ kí a bi ara wa ní ohun tí a fẹ́ kí aṣọ náà ṣe fún wa. Ṣé kí ó dá oòrùn dúró ni? Ṣé kí ó mú òkùnkùn wá fún oorun ni? Ṣé nítorí ojú aládùúgbò ni? Tàbí kí yàrá lè lẹ́wà lásán? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò sọ bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí a bo gbogbo fèrèsé náà.

Nípa ojú aládùúgbò, ilé Lẹ́kkí sún mọ́ra. Fèrèsé yàrá ẹnìkan lè máa wo fèrèsé yàrá ẹlòmíràn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ní ihò wínníwínní lè tó ní ọ̀sán, nítorí pé ìta mọ́lẹ̀ ju inú lọ, ẹni tí ó wà níta kò sì lè rí inú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí a tan iná, ọ̀rọ̀ yí padà: inú wá mọ́lẹ̀ ju ìta lọ, gbogbo ohun tí a ń ṣe sì hàn gbangba. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán èyí wò, kí ó tan iná yàrá lálẹ́, kí ó bọ́ síta, kí ó sì wo fèrèsé ara rẹ̀. Nítorí náà ni aṣọ méjì fi dára fún yàrá: ọ̀kan fẹ́lẹ́ fún ọ̀sán, ọ̀kan nípọn fún alẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a mú oríṣi fèrèsé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà bò ó. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pé kí a fi ọ̀pá sí ibi tí títẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí a ta aṣọ sí apá ìsàlẹ̀ tí ó gún, kí a sì jọ̀wọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ibẹ̀ wọlé. Èyí lẹ́wà, kò sì náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ fún fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ní yàrá ọmọdé. Ọ̀nà kejì ni pé kí a kan ọ̀pá gbọọrọ mọ́ ògiri lókè orí títẹ̀ náà, kí aṣọ sì bo gbogbo rẹ̀. Bí a bá ṣí i ní ọ̀sán, orí títẹ̀ náà yóò hàn. Bí a bá pa á dé ní alẹ́, òkùnkùn yóò pé. Ọ̀nà yìí ni ó dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ sùn. Ọ̀nà kẹta ni pé kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi igi ṣe férémù tí ó bá títẹ̀ náà mu, kí aránṣọ sì ká aṣọ jọ sí i bí ìtànṣán oòrùn. Ó lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí, kò sì rọrùn láti fọ̀.

Èkejì ni fèrèsé onígun mẹ́ta tí a ń rí ní yàrá abẹ́ òrùlé. Aṣọ tí a bá so rọ̀ mọ́ apá tí ó dagun yóò máa yọ̀ sísàlẹ̀ ni. Bí igun mẹ́ta náà bá jókòó lórí fèrèsé mìíràn tí ó gún, kí a bo èyí tí ó gún, kí a sì lẹ ọ̀rá tí ó ní àwọ̀ ìkùukùu mọ́ gíláàsì onígun mẹ́ta. Ọ̀rá náà yóò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú. Bí ó bá ṣe dandan kí a bò ó pátápátá, kí a fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè àti sí ìsàlẹ̀, kí a sì fi aṣọ sí àárín méjèèjì kí ó lè le tan-an. Ọ̀nà kan náà ni a lè gbà fún fèrèsé róbótó: bí ó bá wà lókè tí ojú ènìyàn kò tó o, ọ̀rá nìkan ti tó, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí a bò ó bí ẹni pé onígun mẹ́rin ni.

Ẹ̀kẹta ni fèrèsé igun yàrá, níbi tí gíláàsì méjì ti pàdé. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a kó gbogbo aṣọ jọ sí igun náà; aṣọ a sì dí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Ohun tí ó tọ́ ni kí a fi ọ̀pá méjì tí ó pàdé ní igun sí i, kí aṣọ kọ̀ọ̀kan sì máa ṣí kúrò ní igun lọ sí ìpẹ̀kun ògiri tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni fèrèsé tí kò ní àyè ní ẹ̀gbẹ́, nítorí pé kọ́bọ́ọ̀dù wà ní apá kan, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà ní apá kejì. Irú èyí kò fẹ́ aṣọ tí ó gbòòrò. Búláìǹdì tí a ń ká sókè bí ẹní, tí ó wọ inú férémù fèrèsé gan-an, ni ó yẹ ẹ́; tàbí kí aṣọ kan ṣoṣo máa ṣí sí apá tí àyè wà. Kí aṣọ má ṣe bo ojú ẹ̀rọ amúlétutù láé, nítorí pé òtútù tí a ń fi owó rà yóò máa lọ sí ara gíláàsì.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, wíwọn ni ìpìlẹ̀. Ògiri ilé kì í gún tó bí a ti rò. Bí búláìǹdì yóò bá wọ inú férémù, kí a wọn ìbú rẹ̀ ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀, kí a sì mú èyí tí ó kéré jù. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gíga rẹ̀. Kí a tún wọn láti igun òkè apá ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ apá òsì, kí a sì wọn èkejì tí ó dábùú rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù náà wọ́. Bí orí fèrèsé bá tẹ̀, kí a wọn gíga títẹ̀ náà. Bí fèrèsé bá fẹ̀ ní ínǹṣì 48, tí títẹ̀ náà sì ga ní ínǹṣì 24 gẹ́ẹ́, ìdajì òbìrípo tí ó pé ni. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a lẹ bébà ńlá mọ́ ojú rẹ̀, kí a fi lẹ́ẹ̀dì tọ etí rẹ̀, kí a gé e, kí a sì gbé e lọ fún aránṣọ. Bébà náà kò lè purọ́.

Kí a tún ṣírò aṣọ kí a tó rà á. Ká ní ọ̀pá kọ́tìnì gùn ní ínǹṣì 72. Kí aṣọ tó lè ṣẹ́po dáadáa, ó yẹ kí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ọ̀pá, èyí ni ínǹṣì 144. Bí aṣọ ọjà bá fẹ̀ ní ínǹṣì 54, ẹyọ mẹ́ta ni a ó so pọ̀. Bí láti ọ̀pá dé ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ínǹṣì 90, kí a fi ínǹṣì 10 kún un fún ìṣẹ́tí òkè àti ìsàlẹ̀, ó di 100. Ẹyọ mẹ́ta di ínǹṣì 300, èyí tí ó ju yáàdì mẹ́jọ lọ díẹ̀. Kí a ra mẹ́sàn-án, nítorí pé aṣọ tí ó ní àwòrán ńlá nílò àfikún kí àwòrán lè bára mu. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yìí nílé kí ó tó dé Ọjà Balógun, olówò kò lè tà á ní àtàpọ̀jù.

Ní ti irú aṣọ, òwú dára, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, ṣùgbọ́n ó máa ń súnkì. Bí ó bá súnkì ní ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún, kọ́tìnì ínǹṣì 90 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ínǹṣì mẹ́ta kúrú. Nítorí náà kí a rẹ ẹ́ sómi kí a tó gé e. Aṣọ pọliẹ́sítà kì í súnkì púpọ̀, ó sì tètè ń gbẹ, ṣùgbọ́n bí iná bá mú un, yíyọ́ ni ó ń yọ́, a sì lẹ̀ mọ́ ara. Àdìrẹ Abẹ́òkúta lẹ́wà púpọ̀ ní ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n oòrùn yóò ṣí aró rẹ̀ bí a kò bá fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ kò ní láti dààmú: aṣọ òwú lásán tí a tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí a sì rán dáadáa, sàn ju aṣọ olówó ńlá tí kò kárí lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ihò tí ó wà láàárín aṣọ àti ògiri ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà kí ọ̀pá kọjá fèrèsé ní ínǹṣì mẹ́fà ní apá kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó ju ẹwà lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè ni a ti ń wò ó. Ewu mẹ́rin ni ó rọ̀ mọ́ fèrèsé yàrá. Èkíní ni ẹ̀fọn. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ibà ń yọ lẹ́nu tó Nàìjíríà, òru sì ni ẹ̀fọn tí ń gbé e kiri ń jẹni jù. Kọ́tìnì kò lè dá ẹ̀fọn dúró; àwọ̀n ojú fèrèsé ni ó lè ṣe é. Fèrèsé tí kò gún ni àwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń lanu ní igun, nítorí náà kí a kọ́kọ́ ṣe àwọ̀n kí a tó ṣe aṣọ.

Èkejì ni iná. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, tí a tan àbẹ́là, tí atẹ́gùn sì gbé aṣọ sókè, ìṣẹ́jú kan ti tó fún ìparun. Kí àbẹ́là àti òògùn ẹ̀fọn tí a ń finá sí má ṣe sún mọ́ kọ́tìnì. Bí irin tí a fi ń dènà olè bá wà ní ojú fèrèsé, kí ọ̀kan nínú wọn ní ìlẹ̀kùn tí ó ṣeé ṣí láti inú, kí gbogbo ará ilé mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, kí aṣọ tí a bá sì ta sí iwájú rẹ̀ jẹ́ èyí tí a lè fi ọwọ́ kan ṣí nínú òkùnkùn. Ibojú tí a kàn mọ́ férémù pinpin kò yẹ fún irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ rárá, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ẹ̀kẹta ni okùn búláìǹdì. Okùn tí ó rọ̀ sílẹ̀ bí òjóbó lè kọ́ ọmọdé lọ́rùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ariwo. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí ọdún 2018 ni ìlànà ti sọ pé búláìǹdì tí a ṣe sílẹ̀ fún títà kò gbọdọ̀ ní okùn tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Nílé tiwa, kí a yan èyí tí kò ní okùn fún yàrá ọmọ, tàbí kí a so okùn náà mọ́ òkè ògiri, kí a sì gbé ibùsùn ọmọ jìnnà sí fèrèsé. Ẹ̀kẹrin ni èéfín jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan rò pé kọ́tìnì tí ó nípọn lè dá a dúró. Kò sí aṣọ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Májèlé inú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ ni a gbọ́dọ̀ gbé jìnnà sí fèrèsé. Kì í ṣe fèrèsé ni a ó fi aṣọ dì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán ní ọgbọ́n púpọ̀ nínú. Ẹni tí ó fẹ́ ta aṣọ sí fèrèsé kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, iye tí mẹ́ta lọ́nà ọgọ́rùn-ún jẹ́, àti ẹni tí yóò sùn nínú yàrá náà. Kò yẹ kí a bínú sí fèrèsé nítorí pé kò rí bí ti àwọn ẹlòmíràn. Bí a bá farabalẹ̀ wò ó, tí a wọn ọ́n, tí a sì bi í ní ohun tí ó ń fẹ́, yóò sọ fún wa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tí ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ẹ̀fọn kò jẹ ẹ́, tí oòrùn kò jí i ṣáájú àkókò, tí òbí rẹ̀ sì mọ ọ̀nà tí a ó gbà gbé e jáde bí ewu bá dé, òun ni ẹ̀rí pé a ti yan aṣọ fèrèsé náà bí ó ti yẹ.